Bàbá Ṣáájú, Ọmọ Tẹ̀lé: Ìrìn-àjò Wa sí Ìlú Àwọn Pọtogí

Alhamdulillah. Kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọba tó mú wa lọ, tó mú wa bọ̀, tí kò jẹ́ kí a fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó rìn ín, mo dúpẹ́ fún ojú tó rí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì tó ṣe wá lóore láì mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Bí a ṣe padà wá jókòó ní Sabon Gari ní Zaria níbí, tí a tún ń gbọ́ ìpè ìrun mọ́ṣáláṣí wa láàárọ̀, kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe wa.

Láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ̀yin ará ilé ti ń bi mí ní ìpàdé àsálátù pé, "Rábíátù, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" Mo máa ń sọ díẹ̀, ẹlòmíràn á dé, n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí Bàbá fi bá mi lọ

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé goro, ìyẹn obì gbàǹja, ni bàbá mi ń tà láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Ìlọrin ní ọ̀dọ́mọkùnrin. Ẹ sì mọ̀ pé ìdí kọ̀ǹpútà ni èmi máa ń jókòó sí nínú yàrá iṣẹ́ mi ní Dogarawa. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà ń kọ Bàbá lóminú. Wọ́n gbọ́ pé ó kan Bítíkọ́ìn. Lójú wọn, Bítíkọ́ìn àti tẹ́tẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Mo ti sọ fún wọn títí pé n kì í rà á, n kì í sì í tà á. Wọ́n á ní, "To, mo gbọ́," ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣàdúà fún àwa ọmọ lẹ́yìn ìrun, wọ́n á dárúkọ iṣẹ́ gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á sì fo tèmi. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ní ìlú àwọn Pọtogí, mo mọ̀ pé mi ò lè dá lọ. Obìnrin ilé wa kì í dá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni yóò bá mi lọ. Bàbá ní àwọn ni.

"N ó fojú ara mi wo àwọn tí ò ń bá ṣiṣẹ́, n ó sì wo iṣẹ́ náà. Bí ọkàn mi bá gbà á, n ó ṣàdúà sí i. Bí ọkàn mi ò bá gbà á, wà á fi í sílẹ̀, wà á wá bá mi ní ìsọ̀ goro."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan fóònù."

"Èèyàn ni mo fẹ́ lọ wò," ni Bàbá wí. "Mi ò lọ wo fóònù."

Mo gbà, torí pé iṣẹ́ tí bàbá mi kò bá ṣàdúà sí, n kò ní lè máa ṣe é lọ. Ohun tí mo gbé lọ́kàn kúrò nílé nìyẹn.

Ohun tí mo sọ fún wọn lójú òfuurufú

Bàbá kò bẹ̀rù bàálù. Wọ́n kí obìnrin tó ń pín oúnjẹ ní "sannu da aiki," wọ́n sì yẹ ẹran wò títí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, tí wọ́n jẹ ìrẹsì nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi. "Ó yá, sọ iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni ń sọ fún ọlọ́jà."

Mo ní, "Bàbá, ìwé ńlá kan wà tí gbogbo ayé jọ ń pa mọ́. Ohun tí a bá ti kọ sínú rẹ̀ kò ṣeé parẹ́. Ṣùgbọ́n ààyè inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ yóò san owó ààyè, lọ́jọ́ tí èrò bá sì pọ̀, owó náà á gòkè."

"Bí ọkọ̀ Kaduna nígbà ọdún Iléyá."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nítorí náà, àwọn méjì tó ń bá ara wọn ṣòwò lójoojúmọ́ kì í gbé gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n á so owó kan mọ́ ibẹ̀, wọ́n á wá máa ṣe ìṣirò láàárín ara wọn. Ìpele kejì la ń pe ìyẹn. Bí ìṣirò bá ti yí padà, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, oníkálùkù á fi tirẹ̀ sápò. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí ẹnì kan bá sá lọ, ni ẹnì kejì á gbé àdéhùn ìkẹyìn lọ sínú ìwé ńlá náà."

"Ó dára. Kí ló wá bàjẹ́ níbẹ̀?"

"Owó ààyè tó wà lórí àdéhùn náà, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọ́n ti fi í síbẹ̀. Bí owó bá ti gòkè lẹ́yìn náà ńkọ́? Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gba àdéhùn náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ á wò ó, wọ́n á ní owó rẹ̀ kò tó, wọ́n á sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ gbèdéke wà fún ọjọ́ tí àdéhùn náà gbọ́dọ̀ wọ ìwé ńlá. Bí gbèdéke bá kọjá, oníjìbìtì lè kó ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ."

Bàbá ní, "Olóòótọ́ wá di ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọlé."

"Ìyẹn ni, Bàbá. Ọ̀nà tí a wá gbà ni pé a máa ń rán iṣẹ́ kejì tẹ̀lé àdéhùn náà, èyí tí yóò gbé owó tó tó àwọn méjèèjì dání. A ń pe ti àkọ́kọ́ ní òbí, a ń pe èkejì ní ọmọ. Ọmọ ló ń sanwó fún òbí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ gidi nìyẹn. Tìkẹ́ẹ̀tì tèmi náà ńkọ́, ta ló san án?"

"Bàbá, ẹ fi èmi sílẹ̀. Ìṣòro tó kù ni pé òbí ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á ti lé e kí ọmọ tó dé. Bí ọmọ bá wá dé, wọ́n á ní àwọn ti mọ ẹni yẹn, àwọn ti lé e, àwọn kì í wo ẹni tí àwọn bá ti lé lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa wá irú ibi bẹ́ẹ̀ kiri. Mo máa ń ṣe bí oníjìbìtì, kí n lè mọ ibi tó lè gbà wọlé."

"O ń ṣe bí olè?"

"Ilẹ̀kùn ni mò ń tì wò, Bàbá, kí olè tó tì í."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé, wọ́n wo ìkùukùu. "N ó rí i," ni wọ́n wí, oorun sì gbé wọn lọ.

Ẹnu ibodè

Nígbà tí a dé, a tò sórí ìlà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ibodè tí wọ́n jókòó sínú àpótí onígíláàsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè. Ìwé ìpè wa, tó sọ ibi tí a ó sùn àti ẹni tí yóò bọ́ wa, ọwọ́ mi ló wà. Ó yẹ kí n ti ronú nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ nawọ́ pe ẹni tó kàn, mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún Bàbá bí mo ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé wa láti kékeré. Ta ni yóò ṣáájú bàbá rẹ̀ wọlé? Bàbá náà kò ronú sí i. Wọ́n tún agbádá wọn ṣe, wọ́n sì lọ.

Mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ìlà. Òṣìṣẹ́ náà béèrè nǹkan. Bàbá dáhùn. Ó tún béèrè. Mo rí i tó ń gbé ojú sókè, mo sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: Hausa ni Bàbá fi ń dá a lóhùn. Ní Zaria níbí, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá, Hausa la máa ń bá a sọ, ó sì máa ń yé gbogbo ènìyàn. Òyìnbó yìí sọ èdè tí kì í ṣe Yorùbá, Bàbá sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí i ní "ina wuni, ranka ya daɗe."

Ó pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mú Bàbá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́bàá ògiri, fìlà wọn ní orí itan.

Àpótí mìíràn ni wọ́n pe èmi sí. Obìnrin ló wà níbẹ̀. Ó wo ìwé mi, ó bi mí ní ìbéèrè díẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ òǹtẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ẹ máa lọ."

Mo ní, "Bàbá mi ló wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn."

Ó wo ibẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ tiwọn wò. Wọn ò ní ìwé tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò lè sọ ẹni tí yóò bọ́ wọn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá ọkọ̀ òfuurufú tó kàn padà."

"Èmi ni n ó bọ́ wọn. Orúkọ wọn wà nínú ìwé yìí pẹ̀lú tèmi."

"Wọ́n ti pinnu lórí tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń dá ìlà dúró."

Ẹ̀yin ará ilé, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún mi níwájú, bàbá mi sì wà lẹ́yìn. Mi ò kọjá. Mo ka "Hasbunallahu" sínú. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mi ò lè jáde níhìn-ín láìsí wọn. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n, èmi kò sí níbẹ̀. Mo ti dé báyìí."

"Kí ló dé tí ẹ ò jọ wá?"

"Ọmọ kì í ṣáájú bàbá rẹ̀ ní ìlú wa."

Obìnrin náà wò mí. Ó yẹ ìwé ìpè náà wò, ó tún wo Bàbá, tí wọ́n ti ń yí tẹ̀sùbáà wọn lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó jókòó ní ìsọ̀ wọn. Ó dìde, ó lọ bá ẹni tó lé Bàbá sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Mi ò mọ ohun tó sọ. Mo rí i tó gbé ìwé mi àti ti Bàbá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì tẹ orí wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òǹtẹ̀.

Bó ṣe kó ìwé wa fún wa, ó ní, "Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jọ wá síwájú àpótí kan náà."

Bàbá gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n tẹríba fún un. "Madalla," ni wọ́n wí. Ní tèmi, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Kí Ọlọ́run rántí obìnrin yẹn sí rere níbikíbi tó bá wà.

Ilé Ìyá Àmélíà

Ìyá àgbà opó kan ló gbà wá sílé, Ìyá Àmélíà, ní àdúgbò kan tí òpópónà rẹ̀ ga bí àkàbà. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú ni wọ́n tò sílẹ̀, àwọn ògiri sì ń dán nítorí táìlì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn. Aṣọ ni wọ́n sá sí gbogbo fèrèsé. Bàbá ní, "Ó dà bí ilé tí èèyàn ń gbé."

Ìyá Àmélíà na ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá láti kí Bàbá bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. Bàbá fà sẹ́yìn kíá, ọwọ́ lé àyà, "sannu, sannu." Mo ṣàlàyé. Ẹ̀rín pa ìyá náà. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti rí Bàbá, àwọn náà á gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n á ní, "Sannu."

Ọbẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ sè fún wa ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọn kò bínú. Wọ́n gbé ìkòkò náà kúrò, wọ́n sì yan ẹja sàdíìnì fún wa lórí iná ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ń dun Bàbá pé mi ò jẹ́ kí wọ́n mú goro dání, pé báwo lèèyàn ṣe ń wọ ilé onílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú yaji, ata tí a fi ń jẹ sùyà, jáde látinú àpò, wọ́n bù ú fún Ìyá Àmélíà. Ìyá náà tọ́ ọ wò, wọ́n wúkọ́, omi jáde lójú wọn, wọ́n sì tún nawọ́ pé kí Bàbá bù sí i.

Ní yàrá tí wọ́n fún Bàbá, ère Màríà kékeré kan wà ní apá ibi tí a ó kọjú sí kírun. Kí a tó sọ ohunkóhun, Ìyá Àmélíà ti rí i tí Bàbá ń wo ibẹ̀. Wọ́n gbé e mọ́ àyà bí ọmọ, wọ́n gbé e lọ sí pálọ̀. Ojú ti Bàbá díẹ̀. "Sọ fún wọn pé àwa náà ń bọ̀wọ̀ fún ìyá Ísà," ni wọ́n wí. Mo sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ láìgbọ́ èdè ara wọn. Wọ́n jọ lọ sọ́jà, Bàbá sì padà wá ròyìn pé páńla ni àwọn èèyàn náà ń jẹ, pé wọ́n kàn kó iyọ̀ sí i jù ni.

N kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ Bàbá nínú bọ́ọ̀sì máa ń ṣófo nígbà tí àwọn míì wà lóòró. Ọkùnrin kan tẹ̀lé wa káàkiri nínú ṣọ́ọ̀bù kan títí a fi jáde. Bàbá ní, "Ó ń ṣọ́ ọjà rẹ̀ ni. Àwa náà, ṣé a kì í ṣọ́ àlejò ní Sabon Gari?"

Ìpàdé

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í dìde kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń pe bàbá arúgbó onírun funfun kan ní orúkọ rẹ̀ gán-ín, ó sì ń dáhùn. Bàbá bá a bínú. "Ṣé kò ní ọmọ tó lè sọ fún wọn ni?"

Ẹni tí mo ń bẹ̀rù jù níbẹ̀ ni Tómásì, ẹni tó máa ń dá iṣẹ́ mi padà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, kò láàánú. Mo rò pé òǹrorò ni yóò jẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni mo bá, tó fa àga fún Bàbá, tó sì gbé tíì wá fún wọn fúnra rẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo fi ibi tí mo rí hàn wọ́n: bí òbí bá ṣáájú dé, tí wọ́n lé e, àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń rántí pé àwọn ti lé e. Bí ọmọ bá wá dé pẹ̀lú owó tó tó, wọn kì í wò ó mọ́. Gbèdéke á sì máa sún mọ́lé.

Tómásì ní, "Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Bí a bá ń tún gbogbo ẹni tí a lé wò, àwọn ìkà á máa kó èèyànkéèyàn wá síwájú wa láti òwúrọ̀ dé alẹ́. A ò ní ráyè ṣe ohunkóhun mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Bàbá lórí àga, oorun ti ń gbé wọn, fìlà ti yẹ̀ díẹ̀. Mo bá sọ ìtàn ẹnu ibodè fún wọn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín gẹ́ẹ́. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Mo ní, "Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣẹ̀. Ohun tó rí kò tó. Bó bá ní kí òun máa tún gbogbo èèyàn wò, ìlà ò ní lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kejì tún un wò lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí pé ẹni tó dúró fún un ti dé, ìwé àwọn méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ohun tí mo mú wá kò bá tó, àwa méjèèjì ni wọn ì bá lé. Òbí kan, ọmọ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn."

Gbogbo wọn yíjú wo Bàbá. Bí ilé ṣe dákẹ́ ló jí Bàbá. Wọ́n rí gbogbo ojú tó ń wò wọ́n, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n juwọ́ sí wọn bí ọba.

Tómásì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nìyẹn. Ó ní, "Kọ ọ́ wá bí o ṣe sọ ọ́ yẹn. A ó dán an wò."

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo ń retí ohun tí Bàbá yóò sọ. Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn náà ò burú." Wọn kò fi kún un títí a fi dágbére fún Ìyá Àmélíà, tí ìyá náà di ọsàn sínú ẹrù wa, tí wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìpadàbọ̀

Ní Àbújá, a tún tò síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ibodè tiwa. Mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún Bàbá. Bàbá dúró.

"Máa lọ níwájú, Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọn kò ti fi oríkì pè mí.

"Bàbá, mi ò lè ṣáájú yín."

"Èmi náà ò ní ṣáájú rẹ mọ́. Mo ti rí ibi tó ń gbéni dé."

A rìn pọ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Òṣìṣẹ́ náà fẹ́ sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú Bàbá, ó gba ìwé méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì tí a dé Sabon Gari, ilé wa kún. Alhaji Sálíù, ọ̀rẹ́ Bàbá tí ìsọ̀ goro wọn jọ kángun síra, jókòó sórí ẹní, wọ́n bó ọsàn Ìyá Àmélíà jẹ, wọ́n wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe wọn. "Ọ̀rẹ́, ẹ ti lọ, ẹ ti bọ̀. Kí wá ni ọmọ yìí ń ṣe gan-an? Wọ́n ní owó tó wà lójú afẹ́fẹ́ ni. Ṣé kó máa bọ̀ ní ìsọ̀ ni?"

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Ìyá mi wò mí.

Bàbá kò yára. Wọ́n bu goro, wọ́n fún Alhaji ní ìlàjì. "Sálíù, wọ́n lé mi lẹ́nu ibodè. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí kò ní ará. Ọmọ mi dé, kò kọjá lọ, ó ní kí wọ́n tún mi wò. Wọ́n wò wá pọ̀, wọ́n jẹ́ kí n wọlé." Wọ́n jẹ goro díẹ̀. "Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ó ń ṣe é fún àwọn tí kò mọ̀ rárá."

Alhaji Sálíù ní, "Haba. Iṣẹ́ àánú nìyẹn."

"Iṣẹ́ ni," ni Bàbá wí. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Ẹ bá mi ṣe àmín."

Wọ́n ṣàdúà. Wọ́n dárúkọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi àgbà, wọ́n dárúkọ ti èyí tó tẹ̀lé e. Nígbà tó dé orí mi, wọn kò fo tèmi. Gbogbo ilé ní àmín, mo sì gbé àwo oúnjẹ wọlé fún wọn.

Ìwọ tí o ka èyí dé òpin, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí o dé ẹnu ọ̀nà kankan níwọ nìkan. Bí ohun tí o mú dání kò bá tó, kí ẹni tí yóò dúró fún ọ dé lásìkò. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún, kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn tí yóò bojú wẹ̀yìn. Àmín.